Lẹ́nu Ọ̀nà Lọ́jọ́ Ìjì

Bí mo bá wá sílé, sí àgbàlá wa ní Ṣàpọ́n, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Báwo lọ̀hún ṣe rí?" Mo máa ń sọ ti oúnjẹ tí kò ní ata fún wọn, mo máa ń sọ ti iṣẹ́ tí kì í tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á sì ní, "Ṣebí o ṣáà ń sanra níbẹ̀." N kì í sọ ti Mísì Lọ́rà. Ìyá mi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, orí fóònù ni mo sì ti sọ ọ́ fún un, kí n má baà rí ojú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò ní fi iyọ̀ sí i.

Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí mo kúrò nílé. Tíṣà ni mí ní Owódé nígbà náà, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ mọ́tò, tí mò ń gun ọ̀kadà, kí n tó dé iléèwé. Ilé oníṣòwò ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi, Àlháájà, ń rẹ àdìrẹ, ó sì ń tà á ní Ìtòkú. Ìdí aró náà ni ìyá tó bí i ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà gbà mí láti wá kàwé sí i, òtútù ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù fún mi. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló bá mi lọ sí Láfẹ́nwá, a ra kóòtù òkìrìkà méjì tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Mo dé ọ̀hún, ooru ló pàdé mi. Etí òkun ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òógùn ti ń dà lára èèyàn láti àárọ̀, tí ẹ̀fọn ń kọrin sí ni létí bíi ti ìdí odò Ògùn. Mo ti àwọn kóòtù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní yàrá tó kángun sí tèmi, oṣù méjì gbáko la fi ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ orúkọ mi. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, wọn ò ní dúró gbọ́ èsì. Èmi tí mo dàgbà nínú ilé tí èèyàn kò ti lè jáde lọ bọ́jú láìkí èèyàn mẹ́fà, mo wá di ẹni tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń dáná.

Ìkíni náà ló sọ èmi àti Mísì Lọ́rà di ojúlùmọ̀. Òun ló ń tún họ́sítẹ̀lì wa ṣe. Obìnrin dúdú ni, ọmọ bíbí ìlú náà, á ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tiro díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo pàdé rẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, n kò ronú rárá, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló dé? Ṣé o ṣubú ni?"

"Rárá mà. Mò ń kí yín ni."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí àgbà níbi tó o ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí mo bá nàró kí ìyá mi, á bi mí bóyá orúnkún mi ti gan ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú. "Má kúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́ o. Ilẹ̀ yẹn kò mọ́. Èmi tí mò ń gbá a ni mo mọ̀."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, Lọ́rà lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. Mo fi Mísì ṣáájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìlú náà ṣe ń ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti parí òkè kejì, á wá jókòó sí kíṣìnnì, màá bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata fún un. Á jẹ ẹ́, á hú ikọ́, á nu omi ojú, á ní kí n bù sí i. Ó máa ń gbé díẹ̀ lọ sílé fún ọkọ rẹ̀, Hẹ́nrì. Hẹ́nrì ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun títí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi bàjẹ́. Orí ibùsùn ló wà, ẹ̀rọ kan tó ń lo iná mànàmáná ló sì ń bá a mí.

Lọ́dún kejì wọ́n fi mí ṣe igbákejì alámòójútó họ́sítẹ̀lì. Wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n fún mi ní ìdì kọ́kọ́rọ́, wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn. Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà.

"Àlháájà, wọ́n ti kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn."

"Alhamudulilai! Ṣé wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ?"

"Wọ́n fo lẹ́tà kan."

"Kò burú. Ọlọ́run tó sọ ọ́ lórúkọ kò fo nǹkan kan."

Inú iṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjì ní àsìkò tirẹ̀, bí iṣu ṣe ní àsìkò. Bí ọdún bá ti ń dà sí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìjì á máa gbéra láti ojú omi, wọ́n á máa fi í hàn lórí tẹlifíṣàn bó ṣe ń yí bí òòyì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kó àwa alámòójútó jọ, wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Wọ́n fún wa ní fìlà àti ìwé pélébé, wọ́n sì fi àwòrán hàn wá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Kí kálukú ní omi mímu ọjọ́ mẹ́ta àti tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bátìrì. Bí a bá ti gbọ́ ìkéde, kí á di ìwé orúkọ mú lẹ́nu ọ̀nà, kí á sì fàmì sí orúkọ ẹni tó bá wọlé.

Mo sọ ọ́ fún Mísì Lọ́rà ní kíṣìnnì. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Gbogbo ìyẹn dáa. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún ọ."

Ó ní kí n pọn omi kún ibi ìwẹ̀ kí omi ẹ̀rọ tó dá. Kí n kó ìwé ìrìnnà mi àti gbogbo sátífíkéètì sínú náílọ́ọ̀nù, kí n so ó lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìjì bá dákẹ́ lójijì, tí oòrùn yọ, kí n má jáde; àárín rẹ̀ ló ń kọjá, apá kejì ń bọ̀, òun ló sì máa ń burú jù. Kí n má fẹsẹ̀ wọ omi tó bá dúró sójú títì, nítorí wáyà iná lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú bírò oníyíǹkì dúdú jáde láti inú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára páálí.

"Bí ó bá burú tán, kọ orúkọ ẹ sí apá ẹ. Kọ ọ́ gàdàgbà."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, mà?"

"Kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n gbé."

N kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé mi ò mọ omi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, odò kún lọ́dún kan, ó wọ ilé àwọn èèyàn nísàlẹ̀ Láfẹ́nwá. Àgbàlá wa ní Ṣàpọ́n wà lókè. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ni mò ń fò kọjá ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá àgbà gbé ìkòkò ńlá kaná, ó se ẹ̀kọ, ó ń bù ú kiri. N kò ní parọ́ pé ìfẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀: aṣọ méjì sọnù, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, ìyá àgbà sì fi ọ̀sẹ̀ méjì ráhùn lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bèèrè pé, "Ta ni ọ́?" Ilé wa wà lókè, wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n gòkè wá. Ó parí.

Ìjì tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí, wọ́n fún un ní orúkọ èèyàn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. N kò ní pe orúkọ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ṣì jìnnà lójú omi. Lọ́jọ́ Túsìdeè ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù gbogbo wa pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Ilé! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Títí di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ àwọn òbí ń wá, wọ́n ń kó ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà ń gbé tẹlifíṣàn àti ẹja inú ìgò wọn lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó ku àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ilé wa wà ní òdì kejì ayé, tàbí tí a kò ní ilé kankan. Wọ́n ní kí á kó lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ilé tó ga jù nínú ọgbà náà, tó ní ògiri nínípọn àti jẹnẹrétọ̀ tó tóbi bí yàrá.

Ìyá mi pè mí. Wọ́n ti rí i lórí tẹlifíṣàn ní Abẹ́òkúta.

"Ṣé ilé tí wọ́n kó yín sí lágbára?"

"Ó lágbára, Àlháájà. Ẹ má mikàn."

"Báwo ni n kò ṣe ní mikàn? Mo rí igi ọ̀pẹ tó tẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà lọ́dọ̀ ẹ tó dàgbà, dúró tì í o. Àgbà ló mọ ọ̀nà àbáyọ."

Mo ní ẹnì kan wà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn tó ń tún ọgbà ṣe ṣì wá síṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá wa gbé pákó sójú fèrèsé títí di ọ̀sán kí wọ́n tó lọ. Mísì Lọ́rà ń di pákó mú, ọkùnrin kan ń kàn án mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò rí i kí ojú tì í rí, àfi lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ mi, gbọ̀ngàn yẹn, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ibi tí wọ́n ń kó ará àdúgbò wa lọ, wọ́n ní àwọn kò lè gba aláìsàn tó ń fi ẹ̀rọ mí. Ọsibítù ní àyè ti kún. Bá mi bi wọ́n bóyá èmi àti Hẹ́nrì lè wà ní kọ̀rọ̀ kan. Ibùsùn rẹ̀ kò gba àyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀, á gbé wa dé bí wọ́n bá ti gbà."

Mo ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀." Mo sáré. Inú mi dùn pàápàá, nítorí ó jọ lójú mi pé nǹkan kékeré ni, pé èmi náà ti dé ipò tí mo fi lè ṣe oore fún un.

Kẹ́fìn ni ọ̀gá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò burú; òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ ra bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo bá a nínú gbọ̀ngàn, ó ń ka páálí omi. Mo ro ẹjọ́ náà fún un.

Ó sọ páálí sílẹ̀. "Lọ́rà? Mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ níbí."

"Iléeṣẹ́ kan ló gbà á, iléeṣẹ́ náà ló sì ń rán an wá. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ọkọ rẹ̀ náà tún wá ń ṣàìsàn. Bí nǹkan bá ṣe é síbí, ta ni yóò dáhùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó jù yín lọ."

Ó pè wọ́n lóòótọ́. Mo dúró tì í. Mo gbọ́ tó ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó yé mi. Ó yé mi." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mi orí.

Mo gbé èsì náà padà fún Mísì Lọ́rà. Ó ti wọ kóòtù òjò rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Kò bá mi jà. Ì bá dára kó bá mi jà.

"Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa wí nìyẹn," ó ní. "Mo kàn ní kí n bèèrè ni." Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ìwọ wà nínú ìwé?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Má jáde o."

Ó sì tiro lọ. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi bó ṣe ń lọ. Ó wúwo sí mi nítan. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn wọlé, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ eré ìdárayá, ìjì á ti dé kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn, kò sì sẹ́ni tó máa lé wọn síta nínú ìjì. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ro ti ìwé ìgbélùú mi. Mo ro ti yàrá mi, ti ìwé tó ku ọdún kan kí n parí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àjèjì kì í rú òfin onílé. Èmi tí mo ti Abẹ́òkúta wá, orúkọ mi wà nínú ìwé. Ọmọ ìlú náà tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni kò sí. N kò sì ṣe nǹkan kan sí i.

Nírọ̀lẹ́ mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, mò ń fàmì sí orúkọ. Ọmọkùnrin kan kọjá níwájú mi, àyà rẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹ̀wù. Ajá kékeré kan yọ orí síta láti ibi ọrùn ẹ̀wù náà. Òfin sọ pé ẹranko kò gbọdọ̀ wọlé. Kẹ́fìn rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè òrùlé. "Èmi ò rí nǹkan kan o," ló wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ajá náà wọlé.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ìjì dé. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ariwo rẹ̀. Mo ti gbọ́ òjò tó ń ká páànù lórí ilé nílé wa, èyí kò jọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí rélùwéè bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tó kọjá kọjá tí kò tán. A jókòó sáàárín ilẹ̀, a fara ti ara wa. Ògiri ń mí. Ọmọbìnrin kan láti Nẹ̀páàlì di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, ìmọ́lẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ náà ló dùn mí. Mo wo gbogbo ibi tí a lè ki iná bọ̀ lára ògiri, wọ́n lé ní ogún. Fóònù nìkan ló wà nínú wọn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nẹ́tíwọ̀kì yọ díẹ̀. Mo pe Mísì Lọ́rà. Ó gbé e.

"Mísì Lọ́rà, báwo ni?"

"Omi ti wọ pálọ̀." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ohun tó fẹ́ sè. "Iná ti lọ tipẹ́. Bátìrì kékeré ni ẹ̀rọ Hẹ́nrì ń lò báyìí."

"Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀ mà, màá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún yín. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi!"

Mo gbọ́ omi.

"Ọmọ mi, ọ̀nà wo? Títì ti di odò."

Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìlà já. Kẹ́fìn wá, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, mò ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìjì náà tó lọ. Ọjọ́ kejì wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nítorí wáyà. Lọ́jọ́ Sátidé mo jáde láìgbàṣẹ, mo fẹsẹ̀ rìn. Igi dùbúlẹ̀ sórí mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi jókòó sáàárín títì, ẹrẹ̀ bo ohun gbogbo, ó sì ń rùn bí ilé ẹja. Wákàtí méjì ni mo fi rin ibi tí ọkọ̀ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo dé àdúgbò wọn, mo rí ìlà tí omi fà sára ilé. Ó ga jù mí lọ.

Ọkùnrin àgbà kan jókòó sórí garawa níwájú ilé kejì sí ti Mísì Lọ́rà. Mo kí i. Mo sọ ẹni tí mò ń wá. Ó yọ fìlà rẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọ Áfíríkà tó ń se ìrẹsì aláta?"

"Èmi ni, sà."

Ó wo ilẹ̀. "Èmi àti ọmọ mi obìnrin gbé ọkọ̀ ojú omi dé ojú fèrèsé wọn. Mo ní kí Lọ́rà bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní ta ni yóò gbé Hẹ́nrì? A gbìyànjú láti gbé e. A ò lè gbé e, èèyàn wíwúwo ni, omi sì ń tì wá. Ó ní kí á lọ, kí á lọ wá ọkùnrin sí i, kí á padà wá." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Nígbà tí a padà dé, fèrèsé náà ti wọ inú omi."

Mo yíjú wo fèrèsé náà.

"Wọ́n gbé wọn lánàá. Àwọn tó wá gbé wọn kò ní láti bi wá léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí apá rẹ̀. Ó kọ ti Hẹ́nrì náà sí i lápá."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ilé náà. Ọkùnrin náà fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni fóònù tó lọ sílé. Ìyá mi gbé e kó tó dún dáadáa. Ó ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti pe àwọn àfáà wá ṣàdúà. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, mo ń gbọ́ àwọn ará ilé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo "Alhamudulilai!" Mo jẹ́ kí wọ́n yọ̀ tán. Mo wá ní kí ó lọ síbi tó dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó wá bi mí, "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Àlháájà."

Mo rò pé ìlà ti já. "Ọlọ́run á dárí jì wá," ló wí. Kò sọ pé á dárí jì mí. Ó ní "wá", bí ẹni pé òun náà ti bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fi òdòdó ránṣẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo wa pé ìdílé wa pàdánù ẹnì kan. Ìdílé! Mo ka ọ̀rọ̀ náà, inú bí mi. Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣe ìpàdé lórí ààbò, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́. N kò sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé rí, nítorí bí mo bá la ẹnu, wọ́n máa ń ní kí n tún un sọ. Mo dìde. Mo ní obìnrin kan gbá ilẹ̀ yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó bèèrè kọ̀rọ̀ kan, a ní orúkọ rẹ̀ kò sí níwèé. Ajá kan wọlé, a rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kí n tún un sọ. Kẹ́fìn fi ọwọ́ bo ojú.

Wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọ́n fi orúkọ gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kún ìwé, ẹni yòówù kó gbà wọ́n síṣẹ́. Wọn kò fi ti ẹbí wọn kún un. Àwọn èèyàn bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní mo gbìyànjú. Bí èyí bá ti wà nígbà ìjì náà, wọ́n ì bá ní kí Mísì Lọ́rà máa bọ̀, kó fi Hẹ́nrì sílẹ̀ sílé. Mo mọ èsì tó máa fọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjì mìíràn gbéra. Wọ́n tún fi mí sẹ́nu ọ̀nà, èmi àti ọkùnrin síkúríítì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, obìnrin tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ dé, ọmọ Mẹ́síkò. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ìyá arúgbó kan wà lórí rẹ̀, ó gbé báàgì òògùn lé itan. Obìnrin náà ti ń wojú mi láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ ìwò yẹn.

Síkúríítì wo ìwé. "Orúkọ tìrẹ wà. Ti ìyá yìí kò sí. Ta ni?"

Kí obìnrin náà tó dáhùn, mo ní, "Ìyá mi ni."

Ó wo ìyá náà tó funfun bí ẹyin, ó wo èmi. "Ìyá ẹ?"

"Ìyá mi ni mo wí."

Mo gba bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo bi ìyá arúgbó náà ní orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, mo sì fàmì sí i. Síkúríítì gbé èjìká sókè, ó sún ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ náà wọlé.

Ìjì yẹn yà síbòmíì, òjò lásán la rí. Lọ́jọ́ kejì kálukú lọ sílé. Kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé ìgbélùú mi. Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà mí, bírò kan àti irọ́ kan ṣoṣo. Bó ṣe rọrùn tó yẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn.